Ìdánrawò íńtà-háòsì nínú ọyẹ́

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ kú ọyẹ́ o. Bí àwọn ọmọ ṣe ń dánra wò fún íńtà-háòsì lórí pápá eléruku l'Abẹ́òkúta níbí, imú tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ló yẹ ká múra dè jù. Atẹ́gùn gbígbẹ ló ń sán inú imú. Ẹ fi báṣílíìn díẹ̀ pa ẹnu ihò imú wọn láàárọ̀ àti lálẹ́.

Tí imú bá ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọ gbórí sókè (àṣà burúkú tí gbogbo wa mọ̀!), ẹ̀jẹ̀ á gba ọ̀fun wọnú, ọmọ á máa bì. Kó jókòó, kó tẹríba síwájú, kó fún ibi rírọ̀ nímú pọ̀ fún ìṣẹ́jú 10 gbáko, kó máa fi ẹnu mí. Ẹ má ṣí i wò kó tó pé. Tí kò bá dá lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, ilé ìwòsàn ni.

Piọ̀ wọ́tà méjì, ó kéré tán, nínú báàgì: òógùn tètè ń gbẹ, ọmọ ò ní mọ̀ pé omi ti ń tán lára òun. Ẹni tó ní ásímà, inhaler rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí pápá, kì í ṣe ní kíláàsì.