Elégédé lásìkò ọyẹ́: bí a ṣe ń fi í se ọbẹ̀ àti ohun dídùn fún ọdún

Láti ìparí oṣù kọkànlá ni ọyẹ́ ti máa ń kàn wá lára ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, tí ètè á máa gbẹ, tí eruku pupa á sì bo ewé igi. Àsìkò yìí ni elégédé tó ti gbó dáadáa máa ń dé ọjà, tí àwọn oníbàárà á máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ síbi iṣu. Ó máa ń dùn mí, nítorí pé ewé gbọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ ilé kà sí oúnjẹ. Èso rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á gé e sínú omi, wọ́n á sè é títí yóò fi rọ̀ pẹ̀tẹ̀, wọ́n á wá ní kò ládùn. Bẹ́ẹ̀ sì ni Kérésìmesì, Ọdún Tuntun àti ọdún ìbílẹ̀ tí à ń ṣe nínú oṣù kìíní, gbogbo wọn ló bọ́ sí àsìkò tí elégédé dára jù lọ. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí ẹ ṣe lè gbé e ka iwájú àlejò lọ́jọ́ ọdún, yálà pẹ̀lú iyọ̀ àti ata tàbí pẹ̀lú ṣúgà.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni elégédé ti wá kó tó tàn ká ayé. Títí di òní, ní ìgbà ìwọ́wé, àwọn ará Amẹ́ríkà a máa gbẹ́ ojú sí i lára ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, wọ́n a sì máa fi ṣe àkàrà òyìnbó olójú pupa fún ọdún Ìdúpẹ́ wọn, tó máa ń bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ kẹrin nínú oṣù kọkànlá. Ẹ má ṣe rò pé irú kan náà ni wọ́n ń gbẹ́ tí wọ́n sì ń jẹ: èyí tí wọ́n ń gbẹ́ lójú kún fún omi àti okùn, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dùn. Tiwa tí ẹran rẹ̀ pọ́n tó sì ki dára fún oúnjẹ jù ú lọ.

Lọ́jà, ẹ gbé e lọ́wọ́ kí ẹ tó náwó sí i. Ó yẹ kó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ, kí èékánná má lè wọ èèpo rẹ̀, kí ìdí igi rẹ̀ sì ti gbẹ bí igi ìdáná. Èyí tí wọ́n bá ti já ìdí igi rẹ̀ kúrò pátápátá, ẹ fi sílẹ̀, nítorí ojú ibẹ̀ ni ìdíbàjẹ́ máa ń gbà wọlé. Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ má tètè gé e. Ẹ gbé e sórí pákó níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kó má fara kan ilẹ̀ tútù, fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Láàárín àkókò yìí, ohun tó dà bí ìyẹ̀fun nínú ẹran rẹ̀ yóò máa yí padà di ṣúgà, ẹ ó sì rí i pé elégédé tí ẹ rà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá yóò dùn lọ́jọ́ Kérésìmesì ju bó ṣe dùn lọ́jọ́ tí ẹ rà á.

Omi ni ọ̀rọ̀ elégédé. Ìdá tó pọ̀ jù nínú ẹran rẹ̀ ló jẹ́ omi, bí a bá tún wá sè é nínú omi, adùn rẹ̀ á ṣàn jáde, ohun tó kù ò ní lè gbá ara rẹ̀ jọ. Ọdún tí mo kọ́kọ́ gbà láti ṣe ohun dídùn fún gbogbo ẹbí, mo se elégédé kílò méjì nínú omi, mo gún un, mo pò ó mọ́ ẹyin àti ìyẹ̀fun. Wákàtí méjì ló lò lórí iná, àárín rẹ̀ sì tún ń ṣàn bí ògì. Ìyá ìyàwó mi ni ó kọ́ mi ní ohun tí mò ń ṣe títí di òní.

Ẹ la elégédé sí méjì, ẹ yọ hóró inú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan (ẹ má dà á nù), ẹ sì gé e ní ègé ńlá ńlá pẹ̀lú èèpo rẹ̀. Ẹ tò ó sínú ajere, ẹ gbé ajere ka ìkòkò omi tó ń hó, kí omi náà má kan elégédé rárá, kó jẹ́ pé ooru nìkan ni yóò sè é. Ẹ dé e fún bí ìṣẹ́jú 25 sí 30, títí ọ̀bẹ yóò fi wọ inú rẹ̀ wọ̀ọ̀. Ẹni tó bá ní ààrò búrẹ́dì nítòsí lè bẹ wọ́n kí wọ́n bá òun yan án, ìyẹn tún dára ju ti ajere lọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ṣíbí há ẹran rẹ̀ kúrò lára èèpo, ẹ gún un kó kúná, ẹ dà á sínú aṣọ funfun tó mọ́, kí ẹ sì gbé e kọ́ fún wákàtí méjì. Omi pupa tó bá ń kán, ẹ fi ìgbá gbè é, ó dára nínú ọbẹ̀. Níkẹyìn, ẹ da èyí tó kù sínú ìkòkò gbígbẹ lórí iná jẹ́jẹ́, kí ẹ máa rò ó. Á kọ́kọ́ máa ta pàù-pàù, ẹ fi ọwọ́ jìnnà díẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fi orógùn la àárín rẹ̀, tí ẹ rí ìdí ìkòkò, tí ojú ọ̀nà náà kò sì padé lójú ẹsẹ̀, ó ti tó. Èyí ni mò ń pè ní elégédé rírò nísàlẹ̀ yìí.

Ọbẹ̀ kan ṣoṣo ni kò bẹ̀rù omi, òun sì ni mo fẹ́ràn jù fún òwúrọ̀ Ọdún Tuntun. Àwọn ará Haiti, ní erékùṣù kan ní agbègbè Karíbíà, ló ni ín, soup joumou ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará Haiti ń sọ pé nígbà oko ẹrú, àwọn ẹrú ló ń se ọbẹ̀ elégédé fún àwọn òyìnbó Faransé, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Nígbà tí wọ́n wá gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1804, òun ni wọ́n jẹ. Ọjọ́ náà ni wọ́n sì ń sè é lọ́dọọdún títí di òní, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àjogúnbá ayé ní ọdún 2021. Nínú àwọn tí wọ́n kó lọ sí erékùṣù yẹn, ọ̀pọ̀ ló ti etíkun tiwa yìí lọ, ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ yìí sì wọ̀ mí lára nítorí ìyẹn.

Fún ènìyàn mẹ́jọ, ẹ wá ẹran màlúù kílò kan, elégédé tí a ti bó kílò kan àbọ̀, kárọ́ọ̀tì mẹ́ta, ọ̀dùnkún òyìnbó mẹ́rin, ìdá mẹ́rin kábéèjì kan, makaroní ẹ̀kúnwọ́ méjì, àlùbọ́sà, aáyù, ata rodo kan àti ọsàn wẹ́wẹ́ méjì. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ẹran, ẹ gún aáyù, àlùbọ́sà àti iyọ̀ pọ̀, kí ẹ fi pa á lára, kó sùn bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀, ẹ fi òróró díẹ̀ dín in kó pọ́n, ẹ da omi lítà méjì àbọ̀ sí i, kó hó títí ẹran yóò fi fẹ́ rọ̀. Ẹ da elégédé sí i. Bó bá ti rọ̀, ẹ bù ú jáde, ẹ gún un kó kúná, ẹ sì dà á padà sínú omi ẹran, ọbẹ̀ náà á pọ́n bí oòrùn àárọ̀. Kárọ́ọ̀tì, ọ̀dùnkún àti kábéèjì ló kàn, makaroní ló kẹ́yìn. Ata rodo náà, odidi ni kí ẹ gbé e sí i pẹ̀lú ìdí rẹ̀, kí ẹ ṣọ́ra kó má bẹ́; òórùn rẹ̀ là ń wá.

Ẹni tí kò bá jẹ ẹran lè fi elégédé rírò se àsáró: epo pupa, àlùbọ́sà, irú, ata, lẹ́yìn náà wàrà díndín tí a gé wẹ́wẹ́. Kò gba ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ó sì bá àkàsà (ẹ̀kọ) mu gan-an.

Ní ti ohun dídùn, yovo doko (pọ́fù-pọ́fù) ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ilé tí kò mọ bí a ṣe ń dín in. Ẹ da ìyẹ̀fun àlìkámà 500 gíráàmù, ṣúgà 80 gíráàmù, ìwúkàrà gbígbẹ páálí kékeré kan àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré pọ̀. Ẹ fi elégédé rírò 300 gíráàmù sí i, ẹ ha atalẹ̀ tútù bí ìka àtàǹpàkò sí i, kí ẹ sì máa fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ pò ó díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi máa fà lọ́wọ́. Mi ò sọ iye omi, nítorí pé elégédé tí ẹ̀yin rò lè gbẹ ju tèmi lọ. Ẹ bò ó, kó wú. Nínú ọyẹ́, òwúrọ̀ máa ń tutù, ó lè gbà tó wákàtí méjì. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ààrò. Nígbà tí ẹ bá ń dín in, ẹ jẹ́ kí iná kéré sí èyí tí ẹ máa ń fi dín yovo doko tí kò ní elégédé: ṣúgà inú elégédé máa ń mú kí ẹ̀yìn tètè dúdú nígbà tí inú ṣì tutù.

Àkàrà òyìnbó ti àwọn ará Amẹ́ríkà náà ṣeé ṣe láìsí ààrò búrẹ́dì. Ẹ fi ìyẹ̀fun 200 gíráàmù, bọ́tà 100 gíráàmù àti omi tútù ṣíbí mẹ́ta pò ìpìlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ sínú àwo irin. Ẹ lu ẹyin mẹ́ta, ṣúgà 120 gíráàmù, mílíìkì inú agolo 200 gíráàmù, elégédé rírò 400 gíráàmù àti kànáfùrù lílọ̀ díẹ̀ pọ̀, kí ẹ dà á lé e. Ẹ da yanrìn gbígbẹ sí ìdí ìkòkò tó nípọn, kó ga tó ìka mẹ́ta, ẹ dé e, kó gbóná fún ìṣẹ́jú 15, ẹ gbé àwo náà lé orí òkúta mẹ́ta nínú rẹ̀, kí ẹ sì kó ẹyin iná lé orí ìdérí. Bí ìṣẹ́jú 50 ni. Ó ti jinná bí etí rẹ̀ bá ti dì, tí àárín rẹ̀ sì ń mì bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì tán. Ẹ má gé e ní gbígbóná. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò fọ́.

Hóró tí ẹ yọ sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò nínú okùn rẹ̀, ẹ sá a sí oòrùn ọyẹ́ fún ọjọ́ kan, kí ẹ wá fi iyọ̀ díẹ̀ yan án nínú agbada gbígbẹ títí yóò fi máa bẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọdé ni yóò jẹ ẹ́ tán kí àlejò tó dé, nítorí náà ẹ tọ́jú ìdajì rẹ̀ pamọ́.