Ológbò Akọ Tó Ń Tọ̀ Káàkiri Ilé: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Dá Kún Ọ̀rọ̀ Náà

Kọ́kọ́rọ́ ni mò ń wá lẹ́yìn àga tí mo fi ká a mọ́ ọn. Ológbò mi, tí kò tíì ju oṣù 8 lọ, dúró gbọn-in, ó kẹ̀yìn sí aṣọ ojú fèrèsé, ó na ìrù sókè, ṣóńṣó ìrù náà sì ń gbọ̀n rìrì. Ìtọ̀ tó fọ́n jáde kò tó ohun tó lè kún ṣíbí. Ó yíjú padà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ bí alágbàṣe tó ti parí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀.

Inú bí mi. Mo gbá a mú, mo ti imú rẹ̀ mọ́ ibẹ̀, mo sì là á ní àbàrá. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, mi ò sì rò pé ẹnì kan wà tó sin ológbò akọ tí kò ṣe é rí. Ológbò kò mọ̀ pé ìtọ̀ la torí ẹ̀ lù òun. Ohun tó mọ̀ ni pé ọwọ́ yín dun òun. Tèmi kò jáwọ́. Ó kàn kọ́ bí ojú mi kò ṣe ní í tó òun ni: ó kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sábẹ́ ibùsùn àti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí mi ò ti tètè rí i. Ẹ̀rù tún máa ń mú kí ìtọ̀ fífọ́n pọ̀ sí i, nítorí òórùn ara rẹ̀ ni ológbò fi ń fọkàn ara rẹ̀ balẹ̀.

Èkejì, a kì í wo bó ṣe ń tọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wò ó dáadáa, torí ohun méjì tó yàtọ̀ síra ni. Bó bá wà lórí ìdúró, tí ìtọ̀ náà kéré, tó sì jẹ́ ara ògiri tàbí ara aṣọ ló fọ́n ọn sí, ààlà ló ń pa, bí ẹkùn ṣe ń pa á nínú igbó. Ṣùgbọ́n bó bá lóṣòó, tí ìtọ̀ tó pọ̀ sì dúró lórí ẹní, lórí ibùsùn tàbí lórí aṣọ tí ẹ kó sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààlà mọ́. Yálà àpótí yanrìn tó ń yàgbẹ́, tó sì ń tọ̀ sí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, tàbí ara rẹ̀ kò yá. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ á máa fi oògùn ẹsẹ̀ wo orí.

Ọ̀kan wà tó lè gba ẹ̀mí ẹran náà, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Ológbò akọ á lọ sínú àpótí, á lóṣòó, nǹkan kan ò ní jáde. Á jáde, á tún padà. Á máa ké, á máa lá abẹ́ ara rẹ̀ láìsinmi. Àwa á ní ìgbẹ́ ló há a, tàbí pé ó ń ṣe jàgídíjàgan, a ó sì sùn. Ihò ìtọ̀ akọ gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti abo lọ. Èérún kéékèèké bí iyanrìn tàbí ohun tó dà bí ikun lè dí i pa. Ìtọ̀ á máa kún sínú àpò rẹ̀, májèlé tó yẹ kí kíndìnrín lé jáde á máa padà sínú ẹ̀jẹ̀, pọtásíọ́ọ̀mù, iyọ̀ kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, á gòkè títí ọkàn yóò fi dákẹ́. Wákàtí 24 sí 48 lè tó láti pa á. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tí kò jẹun, ó ti ń pẹ́ nìyẹn. Ẹ má tẹ ikùn rẹ̀ kí ìtọ̀ lè jáde, àpò náà lè bẹ́. Ẹ má fún un ní parasítámọ́ọ̀lù, kódà ìdajì ẹyọ kan lè pa ológbò. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni kí ẹ gbé e lọ lóru yẹn, kí ẹ má dúró de ìdájí.

Àwọn kan tún máa ń gbé omi kúrò níwájú rẹ̀, wọ́n ní bí kò bá mu, kò ní í tọ̀. Ìtọ̀ tó bá ki ni èérún yẹn ti ń dì. Omi gan-an ni kí ẹ fi kún un, kódà kí ẹ bu díẹ̀ sí oúnjẹ rẹ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ títẹ̀ lọ́dàá. Àánú ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe é. Ó ṣe èmi náà. Mo ń sọ pé “ẹ jẹ́ kó dàgbà ná”, ohun tó yẹ kí n ti ṣe kó tó pé oṣù 6 sì ń pẹ́. Agbára akọ tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ (họ́mọ́ònù) ló ń mú kí ìtọ̀ náà rùn tó bẹ́ẹ̀, òun náà ló ń tì í láti máa fọ́n ọn kiri. Nínú akọ 10 tí a bá tẹ̀ lọ́dàá, bí i 9 ló máa ń jáwọ́ tàbí kó dín in kù gidigidi. Àmọ́ kì í ṣe lọ́jọ́ kejì o! Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí agbára akọ tó tán nínú ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìkan tó kù nínú 10 yẹn á ṣì máa ṣe é, pàápàá bí ó bá ti mọ́ ọn lára tipẹ́. Dókítà ni kó ṣe é, kì í ṣe ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ òbúkọ.

Ọ̀nà tí a ń gbà nu ilẹ̀ náà ní wàhálà tirẹ̀. Ọṣẹ àti omi máa ń tán ohun tí imú tiwa ń gbọ́. Àmọ́ ohun kan wà nínú ìtọ̀ ológbò tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ́ nínú omi. Á gbẹ mọ́ ojú aṣọ bí iyọ̀, ọjọ́ tí ọ̀rinrin bá kàn án, òórùn á jí. Ohun ìfọ̀ tó ní ẹ́ńsáìmù nínú, ìyẹn èròjà tó ń fọ́ ìdọ̀tí sí wẹ́wẹ́, ló ń jẹ ẹ́ tán. Ẹ dà á síbẹ̀ kó rin gbindin, kí ẹ fi sílẹ̀ fún iye àkókò tí wọ́n kọ sára ìgò, kì í ṣe kí ẹ dà á kí ẹ sì nù ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ra tọ́ọ̀ṣì onínáà àlùkò (ultraviolet) tó ń mú kí ojú ìtọ̀ gbígbẹ hàn, mo pa iná ilé lálẹ́, mo sì tàn án yíká: mo ka ojú ibi 7. Mẹ́ta péré ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ má fi bílíìsì nù ún. Amóníà wà nínú ìtọ̀, bí méjèèjì bá pàdé, èéfín olóró ló ń jáde. Ohun ìfọ̀ tó ní amóníà ńkọ́? Ìyẹn ń rùn bí ìtọ̀ lójú ti ológbò, ṣe lẹ ń pè é padà. Apakòkòrò tó máa ń di funfun bíi wàrà bí a bá bù ú sómi burú jù wọ́n lọ, torí ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè borí kẹ́míkà inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fíínọ́ọ̀lù: ó tẹ ilẹ̀, ó lá àtẹ́lẹsẹ̀, ó ti gbé májèlé mì. Káńfọ̀ tí àwọn kan ń kó sí igun ilé, májèlé lòun náà.

Ti àpótí yanrìn, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ, ẹ má ra yanrìn olóòórùn dídùn (imú tiyín nìyẹn wà fún), ẹ má jẹ́ kí ìgbẹ́ sùn nínú rẹ̀ mọ́jú. Bí ológbò bá jẹ́ méjì, kí àpótí jẹ́ mẹ́ta. Kí ó gùn tó ológbò náà àti ààbọ̀.

Èyí tó tú àṣírí tèmi kò tilẹ̀ sí nínú ilé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí a ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ó ṣì ń fọ́n ọn sára aṣọ fèrèsé kan ṣoṣo yẹn. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan kí ilẹ̀ tó mọ́, mo sì bá ológbò aládùúgbò kan tó jókòó lórí odi níta, tó ń wò ó láìṣẹ́jú. Mo fi bébà bo ìsàlẹ̀ fèrèsé náà, mo sì gbé àga kan tó máa ń sùn sí sí iwájú rẹ̀. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀méjì sí i lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mi ò tún rí i mọ́. Aṣọ fèrèsé náà ni mo ju sọ́nà ìdọ̀tí, kò sí ẹ́ńsáìmù tó lè gbà á là.