Bí ẹ ṣe lè mọ bí ilé ọkọ̀ yín ṣe yẹ kó tóbi tó, kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀

Ilé ọkọ̀ tí mo kọ́ mọ́ ilé mi ní Adó-Èkìtì, fíìtì 10 ni mo ní kí wọ́n fi ṣe fífẹ̀ rẹ̀, kí gígùn rẹ̀ jẹ́ 17. Corolla ni mo ń wà nígbà náà. Mo ti wọn ọkọ̀ náà: gígùn rẹ̀ kò ju fíìtì 15 lọ, fífẹ̀ rẹ̀ kò pé 6. Mo ní ààyè ti ṣẹ́ kù. Ohun tí mi ò béèrè lọ́wọ́ bíríkìlà ni pé ṣé inú ló fẹ́ wọ̀n ni àbí ìta. Ìta ló wọ̀n. Búlọ́ọ̀kù íǹṣì 9 lọ́tùn-ún, íǹṣì 9 lósì, ìyẹn ti gba fíìtì kan àtààbọ̀ kúrò nínú 10 mi. Nígbà tí a rẹ́ ẹ tán, fíìtì 8 àti íǹṣì bíi 5 ló ṣẹ́ kù.

Ọkọ̀ wọlé lóòótọ́. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ni kò rọ́nà jáde. Yèyé mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, orúnkún sì ń dà wọ́n láàmú. Bí mo bá gbé wọn dé láti Ọjà Ọba, àfi kí n dúró síta kí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, kí n tó wa ọkọ̀ wọlé. Nínú òjò oṣù keje, ọ̀rá ni wọ́n á fi bo gèlè, wọn á di ògiri mú, wọn á máa fẹsẹ̀ wá ilẹ̀ gbígbẹ. Wọn ò ráhùn rí, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí dọ́kàn, torí èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe é. Nígbà tí mo wá ra Sienna, ọkọ̀ ò tilẹ̀ wọlé tán mọ́. Ìdí rẹ̀ ló yọ síta, ilẹ̀kùn ò ṣe é tì.

Ilé ọkọ̀ ni mo ń pè é níbí, torí bí ẹnìkan bá ní gáréèjì fún wa ní Adó, ibi tí a ti ń wọ mọ́tò ni ọkàn wa máa lọ, bí i ti Old Garage. Ibi tí ọkọ̀ yín yóò máa sùn ni mo ní lọ́kàn.

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí yóò máa gbé ibẹ̀

Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ ọkọ̀ tí ẹ ní báyìí sílẹ̀, kí ẹ sì kọ èyí tó ṣeé ṣe kí ẹ rà láàárín ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣì kéré lónìí, ọkọ̀ ńlá lè kàn án lọ́la. Ẹni tó ń dáko lọ́nà Ìkọ̀lé tàbí Ìsẹ̀ lè nílò Hilux. Ilé ọkọ̀ kì í gbó bí ọkọ̀ ṣe ń gbó. Ọkọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni yóò sùn nínú rẹ̀ kí ẹ tó di arúgbó.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ẹrù. Ọ̀kadà kan ń gba bíi fíìtì 7 ní gígùn àti 3 ní fífẹ̀. Isu ń bẹ, kẹ́ẹ̀gì epo pupa ń bẹ, taya àlòkù ń bẹ, àga ìnáwó ń bẹ. Ní tèmi o, ẹ wá yàrá kékeré fún ẹrù lọ́tọ̀, ì báà jẹ́ fíìtì 6 lọ́nà kan, 8 lọ́nà kejì péré, lẹ́yìn ilé ọkọ̀. Ilé ọkọ̀ tí ẹrù bá ti gbà, ìta ni ọkọ̀ yóò padà máa sùn.

Ẹ má ka ọkọ̀ àlejò mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé nígbà Kérésìmesì, nígbà ọdún Udírókò àti nígbà ìsìnkú, ọkọ̀ mẹ́fà láti Èkó àti Àbújá lè kún iwájú ilé. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń lò. Àgbàlá ni tiwọn.

Ẹ wọn ọkọ̀, kí ẹ sì fi ààyè èèyàn kún un

Ẹ fi téèpù wọn ọkọ̀ yín gan-an, láti bọ́ńpà iwájú dé ti ẹ̀yìn, àti láti etí dígí ọ̀tún dé etí dígí òsì. Ìwé ọkọ̀ kì í sábà ka dígí mọ́ fífẹ̀. Kí ẹ lè ní ohun tí ẹ máa fi wéra: Corolla tó jáde láàárín 2009 sí 2013 gùn tó mítà 4.54, ó fẹ̀ tó 1.76. Sienna 2004 sí 2010 gùn tó bíi mítà 5.1, ó sì fẹ̀ tó 1.97. Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin ń lọ sí bíi mítà 5.3 ní gígùn, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi 1.85. Bí ẹ bá fẹ́ sọ mítà di fíìtì, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 3.28.

Ibi tí mo ti ṣì í nìyí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká rọra lò ó. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó bá ṣí dáadáa ń fẹ́ tó fíìtì 3. Ọ̀dọ́mọkùnrin lè fẹ̀gbẹ́ yọ jáde níbi tí kò ju fíìtì kan àtààbọ̀ lọ. Àgbàlagbà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, aláboyún kò lè ṣe é, ẹni tó gbé ọmọ tó ti sùn kò lè ṣe é. Ọwọ́ òsì ni awakọ̀ ń jókòó lọ́dọ̀ wa, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún ni Yèyé àti ìyàwó ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fún ọwọ́ ọ̀tún ní fíìtì 3 gbáko, kí ẹ fún ọwọ́ awakọ̀ ní 2 àtààbọ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ọwọ́ ọ̀tún yẹn náà ni kí ilẹ̀kùn tó wọ inú ilé wà.

Sienna fẹ̀ tó fíìtì 6 àtààbọ̀. Ẹ fi 3 kún un, ẹ fi 2 àtààbọ̀ kún un: fíìtì 12 nìyẹn. Ní gígùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 17. Ẹ fi fíìtì kan sílẹ̀ níwájú kí bọ́ńpà má baà kan ògiri, kí ẹ fi 3 sílẹ̀ lẹ́yìn kí ẹ lè ṣí búùtù, kí ẹ sì kó ẹrù jáde nígbà tí ilẹ̀kùn ilé ọkọ̀ wà ní títì. Ó di 21.

Fún ọkọ̀ kan, fíìtì 12 ní fífẹ̀ àti 21 ní gígùn ni mo dúró lé. Inú ni mo wí o. Ìta rẹ̀ yóò tó 13 àtààbọ̀ ní fífẹ̀ àti 22 àtààbọ̀ ní gígùn bí ẹ bá lo búlọ́ọ̀kù íǹṣì 9. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó o lè dín gígùn kù sí 19 bí ọkọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ irú Corolla, ṣùgbọ́n kó má fọwọ́ kan fífẹ̀. Fún ọkọ̀ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ka fífẹ̀ ọkọ̀ méjèèjì, fíìtì 3 láàárín wọn, 3 lọ́tùn-ún, 2 àtààbọ̀ lósì. Ó máa ń tó 21. Bí òpó bá máa dúró láàárín, ẹ ka òpó náà mọ́ ọn.

Àwọn kan á ní owó ni mo fẹ́ kí wọ́n ná. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Bí ẹ bá fi fíìtì 3 kún gígùn, tí ògiri ga tó fíìtì 10, ògiri méjèèjì yóò fi fíìtì 60 níbùú lóròó pọ̀ sí i, ìyẹn bíi mítà 5.6 níbùú lóròó. Mítà kan níbùú lóròó ń gba bíi búlọ́ọ̀kù 10, nítorí náà kò pé búlọ́ọ̀kù 60 tí ẹ fi kún un lókè ilẹ̀. Ẹ fi ti ìpìlẹ̀, páànù díẹ̀ àti kọnkéré ilẹ̀ kún un. Ẹ wá bi bíríkìlà yín léèrè iye tó máa gbà bó bá di pé ẹ ń wó ògiri ẹ̀yìn lọ́dún márùn-ún sí i. Mo ti béèrè. Owó yẹn ni mi ò rí san títí dòní.

Ẹnu ọ̀nà àti gíga

Ẹnu ọ̀nà fíìtì 8 ṣeé gbà kọjá, ṣùgbọ́n dígí máa ń fara kan án. Ẹ ṣe é ní 9 tàbí 10. Gíga ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: fíìtì 7 ni wọ́n sábà máa ń gbé lìńtẹ̀lì, ìyẹn kọnkéré tó wà lókè ẹnu ọ̀nà, sí nínú ilé, bíríkìlà á sì gbé ti ilé ọkọ̀ síbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni ò bá sọ̀rọ̀. Fún Corolla, Sienna àti Hilux, ó tó. Fún bọ́ọ̀sì Hiace olórí gíga, tó ń lọ sí bíi mítà 2.28, kò tó, àfi 8. Bí ẹ bá ń di isu sórí ọkọ̀ láti oko, ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ẹrù.

Iwájú ilé ọkọ̀ ṣe pàtàkì bí inú rẹ̀

Ilé ọkọ̀ tí ọkọ̀ kò rí ààyè yí wọ̀, òfo ni. Bó bá jẹ́ pé tààrà láti géètì ni ẹ ń wọlé, ẹ fi tó fíìtì 20 sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ ní láti yí ọkọ̀ kí ẹ tó wọlé, ẹ fi tó 24.

Ní pílọ́ọ̀tì tó fẹ̀ tó fíìtì 50, tó sì gùn tó 100, ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ lọ bi àwọn tó ń rí sí ètò ìkọ́lé ní ìjọba iye ààyè tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ láti ààlà, kí ẹ tó yàwòrán. Ká ní ó jẹ́ 10 lọ́tùn-ún àti 10 lósì, 30 ló kù yín láti fi kọ́lé. Ilé ọkọ̀ kan ti gba 13 àtààbọ̀ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ti ọkọ̀ méjì, pálọ̀ yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ má ríbi rọ́ sí. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gba èèyàn nímọ̀ràn pé kó kọ́ ilé ọkọ̀ kan tó ní ògiri, kó wá na òrùlé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí òpó fún ọkọ̀ kejì. Òjò kò ní pa á, oyẹ́ kò ní da eruku tó pọ̀ sí i, owó rẹ̀ sì kéré gan-an sí ti ògiri. Kí wọ́n ṣáà fi irin so òrùlé náà mọ́ òpó dáadáa, torí ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, abẹ́ páànù ló ń gbà wọlé tó fi ń ṣí i.

Ilẹ̀ Èkìtì kì í tẹ́ pẹrẹsẹ

Ẹni tó ń kọ́lé sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tàbí ẹ̀gbẹ́ òkè ní Ìkẹ́rẹ́ mọ̀ pé òkè àti àpáta ló ń pàṣẹ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà tó wọ ilé ọkọ̀ rọra gun: nínú fíìtì 10 tí ẹ bá rìn, kó má gòkè ju fíìtì kan lọ. Bó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, bọ́ńpà á máa họ ilẹ̀, táyà á sì máa yọ̀ nígbà òjò. Bí ilẹ̀kùn yín bá jẹ́ ti irin tó ń ṣí síta, tí ilẹ̀ iwájú rẹ̀ sì ń gòkè, ilẹ̀kùn náà yóò ha mọ́lẹ̀ kó tó ṣí dé ìdajì. Ẹ fi ibi tó tẹ́jú sílẹ̀ níbẹ̀, tó fíìtì 5 tàbí 6.

Bí ọ̀nà bá ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ilé ọkọ̀, ẹ la gọ́tà sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì fi irin bò ó. Inú ilé ọkọ̀ fúnra rẹ̀, kí ó rọra dà síta, bí íǹṣì 4 nínú fíìtì 20, kí ilẹ̀ rẹ̀ sì rẹlẹ̀ ju ti ilé lọ ní íǹṣì 4 sí 6, kí omi àti òórùn epo bẹntiróò má baà wọ yàrá. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ sọ̀ púpọ̀ lè fi ilé ọkọ̀ sí abẹ́ ilé níhà ìsàlẹ̀, ó sì máa ń dára gan-an, ṣùgbọ́n ògiri tó bá fẹ̀yìn ti ilẹ̀ ń ru omi òjò, iṣẹ́ ẹnjiníà sì ni.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí mi ò lè fò. Ẹ má wọn ààyè jẹnẹrétọ̀ mọ́ ilé ọkọ̀. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì carbon monoxide, tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tó sì ń pa gbogbo ilé lójú oorun. Ẹ kọ́ tirẹ̀ síta, jìnnà sí fèrèsé, kí ẹ má sì tan án nínú ilé ọkọ̀ láé, bí ilẹ̀kùn tilẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Ẹ kàn án mọ́lẹ̀, kí ẹ wa ọkọ̀ wọ̀ ọ́

Kí bíríkìlà tó gbẹ́lẹ̀, ẹ ra okùn, ẹ gé èèkàn, kí ẹ kan ìwọ̀n inú ilé ọkọ̀ mọ́lẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ fi eérú sàmì sí ibi tí ẹnu ọ̀nà wà. Ẹ wa ọkọ̀ wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ fi ẹ̀yìn jáde, kí ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, kí ẹ ṣí búùtù. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó nira fún jù nínú ilé láti sọ̀ kalẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀, kó sì sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

Báyìí ni a ṣe ṣe ti àbúrò mi nígbà tó ń kọ́lé ní Ìkẹ́rẹ́. Fíìtì 11 ló kàn án sí. Èmi ni mo wa Sienna wọ inú okùn náà, Yèyé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan jáde, wọ́n fẹ́ gbé ìkejì, orúnkún wọn kan okùn. Wọ́n wojú mi, wọ́n rọra gbé ẹsẹ̀ náà padà. Àbúrò mi ò sọ ohunkóhun. Ó lọ yọ èèkàn méjì tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó sún wọn síta ní fíìtì kan, ó sì tún wọn kàn. Yèyé sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n rìn lọ sí abẹ́ igi máńgòrò níbi tí bíríkìlà ti ń dúró dè wá pẹ̀lú ọkọ́.