Bẹ́ ẹ ṣe lè ya ìyá aládìrẹ Ìtòkú lọ́nà ti Modigliani

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yàwòrán l'Abẹ́òkúta, ẹ jẹ́ á fi fọ́tò inú fóònù sílẹ̀ ná. Ọ̀gá tí mo fẹ́ ká kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ni Amedeo Modigliani, ọmọ Ítálì, wọ́n bí i ní Livorno ní 1884, ó ṣí lọ sí Paris ní 1906, ibẹ̀ náà ni ikọ́ ife pa á sí ní 1920, ọmọ ọdún 35 péré.

Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó máa jókòó fún yín, kò dẹ̀ ní láti jẹ́ olówó o. Àwọn àjòjì ẹgbẹ́ ẹ̀ ni Modigliani ń yà, bíi ayàwòrán Soutine tó wá láti Belarus, ó ya ọmọ ọ̀dọ̀, nígbà tó dé gúúsù Faransé ní 1918 ọmọ àgbẹ̀ ló ń yà, àwọn yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ ẹ̀. Torí náà ẹ lọ sí Ìtòkú lọ́sàn-án tí ọjà bá dá díẹ̀, ẹ kúnlẹ̀ kí Mama dáadáa, ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ tó bẹ̀ wọ́n. Ibi tí wọ́n máa ń jókòó sí náà ni kí wọ́n wà, kí wọ́n gbé ọwọ́ lé itan.

Ẹ fi èédú fa ìlà. Orí á rí bí ẹyin, á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, imú á gùn gbọọrọ, ẹnu á kéré, èjìká á dà sílẹ̀, ọrùn wá ni kẹ́ ẹ fà dáadáa. Ṣé ẹ rí i, òkúta ni ọkùnrin yìí ń gbẹ́ tẹ́lẹ̀ kí eruku tó lé e kúrò nídìí ẹ̀, ó dẹ̀ ti rí àwọn ère àti ìbòjú ilẹ̀ Áfíríkà ní Paris, ìdí nìyẹn tí imú tó ń yà fi dà bí èyí tí wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére Ẹ̀gbá ò ní bẹ̀rù ẹ̀.

Ojú ló le jù. Modigliani máa ń fi àwọ̀ kan ṣoṣo kún ihò ojú nígbà míì, kò ní sí ẹyinjú níbẹ̀ rárá. Ẹ fi àwọ̀ aró kún ti Mama, aró yẹn náà ló kúkú wà lábẹ́ èékánná wọn, ẹ má gbàgbé ẹ̀ tẹ́ ẹ bá dé ọwọ́. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti mú ẹyinjú kúrò, nǹkan míì ló máa jẹ́ ká dá wọn mọ̀: àbàjà ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, bí gèlè wọn ṣe wọ́. Ẹ má fọwọ́ kan àwọn yẹn, bí wọ́n ṣe rí ni kẹ́ ẹ yà wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀dà yín ṣàn díẹ̀, kò gbọdọ̀ ki. Oòrùn wa máa ń tètè gbẹ ẹ́, torí náà omi ò gbọdọ̀ jìnnà sí búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ parí ẹ̀ ní ìjókòó kan, Modigliani náà kì í pẹ́ nídìí àwòrán.

Kẹ́ ẹ tó dìde, ẹ fi han Mama. Tí wọ́n bá ní ọrùn àwọn ti gùn jù, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá ní àwọn kọ́ nìyẹn, ẹ padà sórí ẹnu àti gèlè.