Bí A Ṣe Tún Gọ́tà Àdúgbò Wa Ṣe Kí Òjò Tó Dé

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn. Ní ìparí ọdún tó kọjá, ẹgbẹ́ ní kí n bójú tó àtúnṣe gọ́tà ńlá tó gba iwájú ilé wa lọ já sódò. Ẹni tó bá ń gbé irú àdúgbò tiwa yìí mọ̀ pé ohun tí gbogbo wa jọ ń lò, àwa náà la jọ ń náwó lé e lórí: géètì òpópónà, owó ọlọ́dẹ alẹ́, kòtò ojú ọ̀nà, àní tàràǹsífọ́mà pàápàá nígbà mìíràn. Orúkọ ẹgbẹ́ wà lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n tí a bá ní ká máa dúró dè wọ́n, omi á ti wọ yàrá.

Ẹsẹ̀ la fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Èmi, Bàbá Alága àti bìríkìlà kan tọ gọ́tà láti ilé tó wà lókè pátápátá dé etí odò. Iwájú ilé Ìyá Ìbejì ni omi ti máa ń ya wọlé lọ́dọọdún, gbogbo wa sì gbà pé ibẹ̀ ló bàjẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí gọ́tà ti gba abẹ́ títì kọjá, ìdọ̀tí àti ọ̀rá píọ́ wọ́tà ti dí ihò kọ́fáàtì, ẹnì kan sì ti gbé ṣọ́ọ̀bù onípákó lé e lórí. Omi tí kò ríbi gbà ló ń padà sẹ́yìn wá wọ ilé obìnrin náà. Láàárín ibi méjèèjì, onílé kan ti da kọnkéré bo gọ́tà iwájú ilé rẹ̀ tán, kò sí ibi téèyàn lè ti ọwọ́ bọ̀. Ká ní iwájú Ìyá Ìbejì nìkan la gbẹ́ ni, owó wa ì bá wọmi.

Ọ̀rọ̀ owó ló gba àkókò jù. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù la máa ń ṣèpàdé, nínú ọgbà Bàbá Alága. Àlàájì kan tó ń gbé lókè dìde, ó ní: "Láti ọjọ́ tí mo ti kọ́lé, omi ò wọlé mi rí. Owó gọ́tà wo ni kí n wá san?"

Bàbá Alága ò jà. Ó ní, "Àlàájì, omi tó ń ti orí páànù yín bọ̀, ibo ló ń gbà lọ?"

Ẹ̀rín sọ. Bàbá ní àgbàrá òjò ò lóun ò ní wólé, onílé ni ò ní gbà fún un. Ibẹ̀ làwọn àgbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ omíyalé 26 Oṣù Kẹjọ ọdún 2011, tó pa èèyàn tó lé ní 100 ní Ìbàdàn, tó sì wó afárá. Àwọn tó jù wọ́n lọ ń ka ti Ògùnpa, 1980. Nínú méjèèjì, pàǹtírí tó dí ojú omi àti ilé tí wọ́n kọ́ sẹ́bàá odò wà lára ohun tó sọ òjò di àjálù. Àlàájì ò tún sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó san.

Ojúlé-ojúlé la fi pín owó náà, a ò kà á ní yàrá. Àwọn kan fẹ́ kí ilé tó ní ayálégbé púpọ̀ san jù. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ta ni yóò máa lọ ka yàrá nílé onílé? Ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́ nǹkan sí náà san, nítorí iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ lòjò ń wọ́ sínú gọ́tà. Àwọn onílé tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló tètè san jù, bí a bá ti lè fi fọ́tò ibi tó bàjẹ́ ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Èèyàn méjì ló ń fọwọ́ sí ìwé báńkì ẹgbẹ́, kò sẹ́ni tó lè dá gbowó jáde. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń lẹ orúkọ àwọn tó ti san mọ́ géètì. Mi ò lẹ ti ajigbèsè. Àwọn aládùúgbò mọ bí wọ́n ṣe ń wá orúkọ tí kò sí níbẹ̀. Opó kan tí agbára rẹ̀ ò ká a san án díẹ̀díẹ̀, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì bá wa gbẹ́ ilẹ̀.

Ti ṣọ́ọ̀bù yẹn, a ò fọwọ́ kàn án. Ẹgbẹ́ onílé ò láṣẹ àtiwó nǹkan oníǹkan. A kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀, wolé-wolé wá, wọ́n dá ọjọ́ tí yóò kó kúrò fún ẹni tó ni ín, àwa náà sì bá a wá àyè sí ẹ̀gbẹ́ géètì.

Oṣù Kejì la ṣiṣẹ́, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ. Ẹ má dúró kí òjò àkọ́rọ̀ bá yín lẹ́nu ẹ̀. Ẹrẹ̀ tí a bá kó jáde, ọjọ́ náà gan-an ni típà ń gbé e lọ. Ọ̀pọ̀ àdúgbò a máa kó o jọ sétí gọ́tà, òjò kan péré á sì dá a padà síbi tó ti wá. Bìríkìlà fi rọ́bà funfun gbọọrọ tó kún fún omi wọn bí ilẹ̀ ṣe dagẹ̀rẹ̀ sí, torí gọ́tà tó bá tẹ́jú, omi á kàn dúró síbẹ̀ ni, ẹ̀fọn á sì máa pọ̀ sí i. Níbi kọ́fáàtì, a yọ páìpù kékeré ìjọsí, a di irin, a sì da kọnkéré tó fẹ̀ jù ú lọ: simẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin. A ń bu omi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ọkọ̀ kankan ò sì gorí ẹ̀ títí oṣù kan fi pé. Onílé tó da kọnkéré bo iwájú rẹ̀ fọ́ ọ fúnra rẹ̀. Síláàbù kéékèèké tí èèyàn méjì lè gbé ló fi rọ́pò rẹ̀.

Ìdọ̀tí inú gọ́tà iwájú ilé kálukú, òun ló ń kó o ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù. Kọ́fáàtì ló ṣòro, torí kò sí níwájú ẹnikẹ́ni, nítorí náà ilé mẹ́rin-mẹ́rin la pín in sí, wọ́n ń gbà á fún ara wọn. Ẹni tí kò bá wá á sanwó ìtanràn. Nígbà tí òjò Oṣù Kẹfà rọ̀, yàrá Ìyá Ìbejì gbẹ.

Owó díẹ̀ ṣẹ́ kù. Mo dábàá ká fi ra iná sólà sí òpópónà, ìpàdé sì gbà á wọlé. Ibi tí a ó rì í mọ́ lọ̀rọ̀ kù sí báyìí. Àlàájì ní òkè ló ṣókùnkùn jù.