Lẹ́tà dé láti òkè òkun: ẹ má tíì jó

Ímeèlì kan balẹ̀ lóru: ilé iṣẹ́ atẹ̀wétà ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù gbọ́ nípa ìtàn tí ẹ ń kọ, wọ́n ní kí ẹ tètè fi ránṣẹ́. Èmi náà ti jó ijó yẹn rí, mo jó o dé ilé ìdáná. Kí ẹ tó dáhùn, ẹ ka àdírẹ́sì tó kọ̀wé sí yín ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí Filippo Bernardini. Ọmọ Ítálì ni, tó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní ilé iṣẹ́ atẹ̀wétà Simon & Schuster ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti ọdún 2016 ló ti ń dá àdírẹ́sì ayédèrú tó jọ ti àwọn atẹ̀wétà gidi sílẹ̀, wọ́n lé ní 160. Níbi tí lẹ́tà "m" yẹ kó wà, á fi "r" àti "n" sí i. Bí ojú bá sáré kọjá, "m" náà ló máa rí. Báyìí ló ṣe gba ìwé àfọwọ́kọ tó lé ní 1,000, àní lọ́wọ́ ẹni tó ti gba Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún òǹkọ̀wé ní Amẹ́ríkà. Wọ́n mú un ní New York ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ó sì jẹ́wọ́ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ó ní kíka ìwé kó tó jáde ló wu òun. Àwọn tó ń kọ̀wé sí wa lónìí ńkọ́? Owó ni tiwọn.

Ẹ má san án. Ọ̀dọ̀ atẹ̀wétà lowó ti ń wá sọ́dọ̀ òǹkọ̀wé. Èjẹ́ǹtì gidi, ìyẹn ẹni tó ń bá òǹkọ̀wé wá atẹ̀wétà, máa ń mú nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 lára ohun tó bá wọlé. Kì í gba kọ́bọ̀ kó tó ka iṣẹ́ yín. Ẹni tó bá sì ní òun máa gbé ìwé yín lọ síbi ìpàtẹ ìwé tí wọ́n ń ṣe ní Frankfurt, ní Jámánì, ní oṣù Kẹwàá fún iye kan, ẹ rántí pé àwọn tó ń ra ẹ̀tọ́ ìtúmọ̀ níbẹ̀ ti dá ìpàdé wọn tipẹ́tipẹ́ kí oṣù náà tó dé. Ta ló máa dúró wo ẹ̀yìn ìwé ẹni tí kò mọ̀?

Àṣìṣe tó dùn mí jù ni ká gbà pé bí ìwé bá ti jáde, ó parí. Ní ọdún 2025, ilé iṣẹ́ AI tó ń jẹ́ Anthropic gbà láti san bílíọ̀nù kan àtààbọ̀ dọ́là nítorí ìwé tí wọ́n kó láti ibi ìkó-ìwé-pamọ́ àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì. Nǹkan bíi 3,000 dọ́là ló kan ìwé kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìwé tí a kò bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lásìkò ní ọ́fíìsì ẹ̀tọ́ àdàkọ Amẹ́ríkà, kò sí nínú àdéhùn owó náà, bó ti wù kí wọ́n jí i tó. Bí ìwé yín bá jáde níbẹ̀, ẹ bi atẹ̀wétà yín bóyá ó ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ náà pa mọ́.