Sọfitíwia ọ̀fẹ́ tó bá mi yanjú ìṣirò sákíìtì

Tí o bá ń wá sọfitíwia tí o máa fi ṣe ìṣirò sákíìtì iná, tí o ò sì fẹ́ san kọ́bọ̀, LTspice ti ilé iṣẹ́ Analog Devices ni kí o gbà. Nínú àwọn tí mo ti kọ́kọ́ dán wò, òmíràn ń béèrè owó nígbà tó yá, òmíràn ò jẹ́ kí sákíìtì tóbi. Èyí ò ní gbèdéke bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà mi tó ti gbó sì gbé e wọ́ọ́rọ́wọ́.

Sákíìtì rẹ gbọ́dọ̀ ní ground. Tẹ G, kí o gbé e síbi tí o fẹ́ kó jẹ́ òdo fóltì.

Lẹ́tà M ló máa ń da èèyàn láàmú jù. Ìbáà jẹ́ ńlá tàbí kékeré ni o kọ ọ́, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ni LTspice kà á sí. Tí résísítọ̀ rẹ bá jẹ́ mílíọ̀nù kan ohm, 1Meg ni kí o kọ. Ẹni tó bá kọ 1M, bí ẹni so wáyà lásán mọ́ ibẹ̀ ni.

Mo fi résísítọ̀ 1k (ẹgbẹ̀rún kan ohm) àti kápásítọ̀ 1u (ìdá kan nínú mílíọ̀nù farad) yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fún orísun iná ní AC 1, mo sì kọ àṣẹ tó ní kí LTspice ṣe ìṣirò láti 1 Hz dé 10 kHz:

.ac dec 20 1 10k

Ìṣirò 1/(2πRC), tí R jẹ́ résísítọ̀, tí C sì jẹ́ kápásítọ̀, fún mi ní nǹkan bí 159 Hz. Nígbà tí mo tẹ ojú wáyà tó wà láàárín àwọn méjèèjì, ibẹ̀ gan-an ni ìlà tó yọ lójú àwòrán ti já sí -3 dB, ìyẹn nǹkan bí ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún fóltì tó wọlé. Inú mi dùn gan-an ni!

Ẹni tó bá ń lo Linux lè gba ngspice, ọ̀fẹ́ lòun náà, ó sì ti wà nínú KiCad, sọfitíwia tí wọ́n fi ń ya sákíìtì.